Ìka ẹsẹ̀ tó ti wọ́: ṣé bàtà la máa pààrọ̀ ni, àbí ká ra róbà, àbí ká kúkú lọ ṣe iṣẹ́ abẹ?

Ọdún tó kọjá ni màámi ní kí n bá òun ra nǹkan kan tóun rí lórí WhatsApp, róbà kan báyìí tí wọ́n máa ń ki bọ àárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ìka kejì, ẹni tó ń tà á sọ pé láàárín oṣù kan péré eegun tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò màámi, tí òyìnbó ń pè ní bọ́níọ̀nù, máa wọlé padà bíi pé kò yọ rí. Mo rà á. Mo tún ra èyí tí wọ́n fi ń sùn, èyí tó ní bẹ́líìtì àti irin pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́rin kọjá, eegun ṣì wà níbi tó wà, owó ti lọ, màámi tún wá ní egbò kékeré kan níbi tí bẹ́líìtì yẹn ti ń ha á lára. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó wádìí ọ̀rọ̀ ìka ẹsẹ̀ dáadáa, mo tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé ohun tí dókítà yẹn kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe ẹsẹ̀ rárá, ó ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yẹn kí n rí inú ẹ̀."

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, mo fẹ́ gbé àwọn ìka tó ń wọ́ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n tún gbé ìtọ́jú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ni tó bá fẹ́ náwó lè mọ ibi tó ń ná an sí. Èmi kì í ṣe dókítà o, ọmọ ìyá oníbọ́níọ̀nù lásán ni mí.

Tiyín, èwo ni?

Ẹ bọ́ bàtà, ẹ dìde dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ yín láti òkè. Ẹ má jókòó wò ó, torí tẹ́ ẹ bá jókòó, ìka tó ń kákò lè na ara ẹ̀ kó máa ṣe bí ọmọlúàbí, àfi tí ara bá wúwo lé e lórí ló tó ń fi ìwà ẹ̀ hàn.

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ní eegun méjì, àwọn mẹ́rin tó kù ní mẹ́ta mẹ́ta. Torí náà ìkọ̀ọ̀kan àwọn ìka kéékèèké yẹn ní oríkèé mẹ́ta tá a bá ka èyí tó so ó mọ́ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ibi tó bá sì ti tẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń fún un lórúkọ.

Bọ́níọ̀nù la máa fi bẹ̀rẹ̀ torí òun ló pọ̀ jù, òun náà sì ni wọ́n ń parọ́ fúnni lé lórí jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé eegun tuntun ló hù síbẹ̀. Rárá o. Eegun gígùn tó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò ló ń yà síta, tí àtàǹpàkò fúnra ẹ̀ wá ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ ìka kejì, kókó tó yọ níbi táwọn méjèèjì ti pàdé lẹ ń rí yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti lóye èyí, ẹ ò ní ra òróró tó ń "yọ́ eegun" mọ́ láé, torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó máa yọ́, eegun yín náà ni, ààyè ẹ̀ ló kúrò. Àwọn dókítà máa ń wọn bó ṣe wọ́ tó lórí ẹ́ksíréè tí wọ́n yà nígbà téèyàn wà lórí ìdúró, tó bá ti ju dígírì 15 lọ wọ́n á pè é ní bọ́níọ̀nù, tó bá wá ti kọjá 40, ó ti le nìyẹn. Ó máa ń wà nínú ìdílé, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ìyá màámi, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán àti sálúbàtà ló fi lo ọ̀pọ̀ nínú ayé ẹ̀, ní i lẹ́sẹ̀ méjèèjì, torí náà ẹ má dá bàtà nìkan lẹ́bi. Àmọ́ bàtà tó rí ṣóńṣó níwájú, tó tún ga lẹ́yìn, máa ń mú kó yára burú, ẹni tó bá sì ti ní i nínú ẹ̀jẹ̀, tó wá ń wọ híìlì lọ sí òde àríyá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun náà ń bá a kọ́lé.

Méjì wà tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Àkọ́kọ́ ni gáùtù. Bọ́níọ̀nù ń gba ọdún gbọọrọ kó tó dà báyìí, gáùtù lè bẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ sùn láyọ̀, ẹ jí pẹ̀lú oríkèé àtàǹpàkò tó wú, tó pupa, tó gbóná, débi pé tí aṣọ ìbora bá ṣèèṣì kàn án ẹ máa pariwo. Oògùn ni gáùtù ń fẹ́, kò sóhun tí róbà fẹ́ bá a sọ. Ìkejì ni èyí tí oríkèé ìdí àtàǹpàkò ti jẹ, tó ti gan: ìka yẹn tọ́, kò wọ́ síbì kankan, àmọ́ kò ṣe é tẹ̀ sókè, ó sì máa ń dùn yín nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Fún ìyẹn, bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ le, tí kì í ká, ló ń ran èèyàn lọ́wọ́, ẹ rí i pé òdì kejì ohun tẹ́nì kan máa sọ fún yín nìyẹn, pé kẹ́ ẹ wọ bàtà tó rọ̀ bí búrẹ́dì.

Ó kan àwọn ìka mẹ́rin tó kù. Wọ́n ní orúkọ òyìnbó mẹ́ta táwọn èèyàn máa ń pò pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní hammer toe, oríkèé àárín ló tẹ̀, ìka yẹn á gùnkè láàárín bí òrùlé ilé, bàtà á wá máa ha á lórí títí awọ ibẹ̀ á fi yi. Ìka kejì ló máa ń ṣe jù, pàápàá ẹni tí ìka kejì ẹ̀ bá gùn ju àtàǹpàkò lọ, torí òun ló ń kọ́kọ́ kan iwájú bàtà. Mallet toe ní tiẹ̀, oríkèé tó sún mọ́ èékánná nìkan ló tẹ̀, ìka á dorí kodò, orí ìka gan-an lá wá máa gúnlẹ̀. Claw toe sì ni èyí tí ìdí ìka gòkè, tí oríkèé méjì tó kù tẹ̀ wálẹ̀, bí ẹsẹ̀ àṣá tó fẹ́ gbé òròmọdìẹ, kì í sì í sábà ṣe ẹyọ kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń bá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí claw yìí, torí òun ni kò yẹ kéèyàn fojú bàtà wò. Hammer àti mallet, bàtà àti bí a ṣe bí ẹsẹ̀ yẹn ló sábà ń fà á. Claw máa ń wá láti ọ̀dọ̀ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára àti agbára lọ sí ẹsẹ̀: ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fà á tipẹ́, ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, àwọn àìsàn iṣan kan tó ń wà nínú ìdílé. Tí ìka yín bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kákò láìpẹ́ yìí, tó sì jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ yín tún ń kú tipiri tàbí ó ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí ẹ̀, ẹ gbàgbé róbà, ẹ lọ yẹ súgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́sẹ̀ yìí.

Ó tún ku bọ́níọ̀nù kékeré tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín, òyìnbó ń pè é ní bọ́níọ̀nù télọ̀, torí àwọn télọ̀ ayé àtijọ́ tó máa ń ká ẹsẹ̀ lé ara wọn jókòó lórí ilẹ̀ ránṣọ. Bàtà tó fẹ̀ ló sábà máa ń tó o.

Ọ̀kan sì lè bí ìkejì o. Àtàǹpàkò tó ń wọ́ bọ̀ máa ń ti ìka kejì, ìka kejì ò níbi tó máa gbà, ló bá gùn ún lórí, ló bá di hammer toe. Ẹni tó bá tún ti ìka kejì ṣe, tó fi àtàǹpàkò sílẹ̀, ńṣe ló kàn lé ayálégbé jáde láìlé ẹni tó ń jà á níjà.

Ẹ fọwọ́ tì í wò

Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ. Ẹ fi ọwọ́ mú ìka tó tẹ̀ yẹn, ẹ rọra nà án. Ṣó nà? Àbí ó gan pa, tó jẹ́ pé kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni?

Ìka tó ṣì ń nà, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe fún un pọ̀: bàtà, téèpù, róbà, eré ìdárayá, tó bá sì di pé wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ, iṣan tó ń fa ìka (kì í ṣe èyí tó ń gbé ìmọ̀lára) ni wọ́n sábà máa ṣiṣẹ́ lé lórí, kì í ṣe eegun. Ìka tó ti gan, kò sí téèpù tó máa nà án, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé ò ju pé kẹ́ ẹ máa fààyè gbà á kí nǹkan má baà máa ha á, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kó tọ́, eegun ni wọ́n máa gé. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán apá ò ká a mọ́, àwọn tó pa òwe yẹn lè máà ní ìka ẹsẹ̀ lọ́kàn àmọ́ ó bá a mu wẹ́kú. Ìka tó ń nà lónìí lè gan lọ́dún díẹ̀ sí i tó bá ń bá bàtà kan náà lọ, ẹ má fi í falẹ̀.

Bọ́níọ̀nù ní tiẹ̀, bó nà bí ò nà, kò sóhun tẹ́ ẹ máa fi sílé tó máa dá a padà títí ayé, iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè tún un tò. Àmọ́ bọ́níọ̀nù tí kò dunni, tí kò dí ìrìn lọ́wọ́, kò pọn dandan kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, kì í bá èèyàn ṣe é torí ẹwà lásán, ìrora ni wọ́n ń wò.

Bàtà tàbí róbà?

Tó bá jẹ́ pé owó fún nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, bàtà ni mo mú, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí ẹ̀ rèé: róbà ń gba ààyè nínú bàtà. Tí bàtà yẹn bá ti há tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ wá ki sílíkónì bọ àárín ìka, ńṣe lẹ tún há a sí i, àwọn ìka tó wà lódì kejì ló máa jìyà ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màámi gan-an nìyẹn, ó ń fi róbà sínú bàtà aláwọ̀ góòlù tó ń wọ̀ lọ sí sọ́ọ̀ṣì, ìka kẹta àti ìkẹrin wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ gbé páálí sílẹ̀, ẹ dúró lórí ẹ̀ láìwọ bàtà, kẹ́nì kan fi bírò yí ẹsẹ̀ yín po. Ẹ wá gbé bàtà lé orí àwòrán yẹn. Tí àwòrán ẹsẹ̀ bá yọ kọjá etí bàtà lọ́tùn-ún lósì, ẹ rí ìdáhùn yín, ẹjọ́ ti parí. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, torí ẹsẹ̀ ń wú díẹ̀ tó bá dalẹ́, bàtà tẹ́ ẹ bá dán wò láàárọ̀ lè há lálẹ́. Ẹsẹ̀ tó tóbi jù nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi wọn bàtà. Kó ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan láàárín ìka tó gùn jù àti iwájú bàtà, kí gbogbo ìka lè máa mira nínú ẹ̀, kí gìgísẹ̀ bàtà má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, torí bó bá ṣe ń ga sí i ló ṣe ń da gbogbo ara síwájú sórí ìka.

Nípa irú bàtà, ẹ gbọ́. Pàámù tàbí sílípáàsì tó fẹ̀ dáa fún bọ́níọ̀nù torí kò sóhun tó ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ fún ẹni tó ní hammer tàbí claw kò fi bẹ́ẹ̀ dáa, ìdí ni pé ìka ló máa ń fi gbá a mú kó má baà bọ́ sílẹ̀, ìgbámú yẹn gan-an sì ni ohun tí a ò fẹ́ kí ìka máa ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyẹn ń fẹ́ bàtà tó ní okùn tàbí ìdè tó ń di ẹsẹ̀ mú lókè, tí iwájú ẹ̀ sì jìn, kì í ṣe kó fẹ̀ nìkan, kó jìn sókè, kí òrùlé bàtà má kan ẹ̀yìn ìka. Bàtà òkirìkà ńkọ́? Mo fẹ́ràn ẹ̀ torí awọ gidi wọ́n nínú bàtà tuntun olówó pọ́ọ́kú, àmọ́ ẹ tẹ inú ẹ̀ wò dáadáa, ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti gbẹ́ ojú ẹ̀ síbẹ̀. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni kẹ́ ẹ gbé páálí yẹn fún ṣúmékà tó mọ iṣẹ́, kó fi ìwọ̀n yín kan bàtà fún yín pẹ̀lú awọ tó rọ̀, láìsí ojú ìránṣọ tó máa gba orí eegun yẹn kọjá. Ṣúmékà yìí náà lè bá yín na bàtà tẹ́ ẹ ti ní, tó bá jẹ́ awọ gidi, kó fẹ̀ níbi tí eegun yẹn wà. Rẹ́síìnì kì í nà, ó máa bẹ́ ni.

Róbà wá dé. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á o, ẹ kàn mọ ohun tẹ́ ẹ ń rà. Èyí tí wọ́n ń ki bọ àárín ìka ń jẹ́ kí ìka méjì má máa ha ara wọn, ó sì ń tuni lára tẹ́ ẹ bá ń lò ó pẹ̀lú bàtà tó fẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ìka padà síbi tó wà. Èyí tó dà bí fìlà tí wọ́n ń fi borí ìka dáa fún mallet toe tí orí ẹ̀ ń gúnlẹ̀. Páàdì tó ní ihò láàárín, tí wọ́n ń fi yí kókó náà ká kí bàtà má baà tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń tà á ní kẹ́míìsì, kò wọ́n, òun ló sì ṣiṣẹ́ fún màámi jù nínú gbogbo ohun tí mo rà. Èyí tí wọ́n ń dì sùn lówó lórí jù, kò sì sí ẹ̀rí pé ó ń tún bọ́níọ̀nù tò títí lọ, àwọn kan ní ó ń mú kí ẹsẹ̀ tu wọ́n lálẹ́, ìyẹn dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ní oṣù kan eegun á wọlé, ẹ sọ fún un pé mo kí i.

Fún hammer toe tó ṣì ń nà, téèpù tí wọ́n máa gbà lórí ìka tó gòkè, kí wọ́n wá gbà á lábẹ́ àwọn ìka ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, máa ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún yín lẹ́ẹ̀kan, kó má há jù, ìka tó bá yí àwọ̀ padà tàbí tó kú tipiri, ẹ tú u kíá.

Ìtẹ́nú bàtà àti eré ìdárayá, n ò ní pẹ́ lórí wọn. Ìtẹ́nú tó ní kókó kékeré lẹ́yìn ìdí ìka máa ń gbé ẹrù kúrò lábẹ́ oríkèé tó ń dunni, ó wúlò fún claw àti hammer, fún bọ́níọ̀nù kò pọ̀. Eré ìdárayá, fisíò ní kí màámi máa fi ìka ẹsẹ̀ ká tówẹ̀lì jọ lórí ilẹ̀, kó tún máa fi ìka ẹsẹ̀ ṣa ọmọ ayò bọ inú abọ́, àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ wá sọ ọ́ di ìdíje. Ó ń fún àwọn iṣan kéékèèké inú ẹsẹ̀ lókun, kò ní tún ìka tó ti gan ṣe.

Tó bá ń dùn yín, yìnyín tí wọ́n fi aṣọ wé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti oògùn ìrora. Ibuprofen ń dín wíwú kù, àmọ́ ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó gbé e mì.

Kọ́ọ̀nù orí ìka, àti ọ̀rọ̀ àwọn alátọ̀gbẹ

Kọ́ọ̀nù kì í ṣe àìsàn tó dá dúró, awọ tó ń gbèjà ara ẹ̀ ni, ibi tí nǹkan ti ń tẹ̀ ẹ́ ló ti ń yi. Ẹ gé e lónìí, tí bàtà bá ṣì ń ha á, ó ti padà kí oṣù tó pé. Ẹ rẹ ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi òkúta tí wọ́n fi ń ha gìgísẹ̀ rọra ha á, ẹ fi òrí pa á, kẹ́ ẹ wá lé ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbé bíléèdì. Àwọn tó ń mi sísọ́ọ̀sì kiri àdúgbò tí wọ́n ń gé èékánná, mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn dá, bàbá mi ò jẹ́ gbé èékánná ẹ̀ fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n bíléèdì tó gé tiyín yẹn, ẹsẹ̀ ta ló ti bọ̀?

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ lókè yẹn yí padà fún un. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè má mọ ìrora mọ́, òkúta lè wà nínú bàtà látàárọ̀ kó má mọ̀, ìka tó tẹ̀ tí bàtà ń ha lè di egbò láìjẹ́ pé ó dùn ún rárá, egbò yẹn ló sì ń sọ ara ẹ̀ di ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀. Torí náà: kò sí pílásítà kọ́ọ̀nù tó ní ásíìdì fún yín, kò sí bíléèdì, kò sí fífi omi gbígbóná rẹ ẹsẹ̀. Ẹ máa ki ọwọ́ bọ inú bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ lálaalẹ́, kẹ́ ẹ ní kí ọmọ bá yín wo abẹ́ ẹ̀. Egbò tó wù kó kéré, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí iléèwòsàn. Fún ẹ̀yin, ìka tó tẹ̀ tó ṣì ń nà, dókítà lè gé iṣan tó ń fà á wálẹ̀ láti abẹ́, ojú ibẹ̀ kéré, kì í pẹ́, ó sì máa ń jẹ́ kí egbò orí ìka rí ààyè jiná. Ẹ béèrè nípa ẹ̀, kò yẹ kẹ́ ẹ máa dúró de ìgbà tó bá burú.

Tó bá wá di iṣẹ́ abẹ

Ta ló yẹ fún? Ẹni tó ti pààrọ̀ bàtà fún oṣù mélòó kan, tó ti lo páàdì, tí ìrora ò sì jẹ́ kó rìn tàbí ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wọ bàtà ṣóńṣó padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ, ẹ máa kábàámọ̀.

Fún bọ́níọ̀nù, wọ́n sábà máa ń gé eegun gígùn yẹn, wọ́n á sún un padà síbi tó yẹ, wọ́n á fi sìkúrù kékeré dè é. Bó bá ṣe wọ́ tó ló ń sọ ibi tí wọ́n máa gé. Kì í ṣe pé wọ́n á kàn gbẹ́ kókó yẹn dànù, èyí tí wọ́n bá kàn gbẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń padà wá. Fún hammer toe tó ti gan, wọ́n á yọ díẹ̀ lára eegun oríkèé yẹn, wọ́n sì lè lẹ àwọn méjèèjì pọ̀, wáyà kan lè yọ síta lórí ìka fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó fà á yọ. Ìka yẹn á tọ́ o, àmọ́ kò ní ká níbẹ̀ mọ́ láé, àwọn kan ò mọ èyí ṣáájú, wọ́n wá ń bínú.

Ẹ wá gbé àkókò ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ abẹ lórí iṣan nìkan, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Ti eegun hammer toe, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ́ ẹ tó lè wọ bàtà tó fẹ̀. Ti bọ́níọ̀nù, bàtà iléèwòsàn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wíwú lè má lọ tán fún oṣù mẹ́fà, nígbà míì ó tó ọdún kan. Ẹni tó ń dúró tajà lọ́jà, tàbí tó ń wa ọkọ̀, kó ṣírò ẹ̀ dáadáa, ta ló máa bá yín gun àtẹ̀gùn, ta ló máa pọn omi. Màámi ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, ìyẹn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu fún wa. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí kòkòrò wọ ojú ọgbẹ́, kí oríkèé gan, kí ibì kan kú tipiri, kí bọ́níọ̀nù padà, tàbí kí àtàǹpàkò wá wọ́ sí òdì kejì. Ẹni tó ń mu sìgá, eegun ẹ̀ kì í tètè so, kó jáwọ́ ṣáájú.

Ibo lẹ máa lọ? Ní Nàìjíríà, dókítà eegun ni kẹ́ ẹ bá, iléèwòsàn ìjọba tó wà fún eegun bí Ìgbóbì l'Ékòó, tàbí ẹ̀ka eegun ní iléèwòsàn yunifásítì bí UCH n'Ìbàdàn. Lọ́ńdọ̀nù, GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, ló máa fi yín ránṣẹ́. Àwọn baba wa tó ń to eegun, mo bọ̀wọ̀ fún wọn tó bá jẹ́ eegun tó kán, àmọ́ bọ́níọ̀nù kò kán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi agbára fà á.

Ti àwọn ọmọdé

Ọmọ tí ìka kẹta tàbí ìkẹrin ẹ̀ ká sábẹ́ ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń tọ́ fúnra ẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, èyí tí kò bá tọ́ tó ń dùn ún ni wọ́n ń bá gé iṣan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ní bọ́níọ̀nù, àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ kí eegun ẹ̀ dàgbà tán ná, torí èyí tí wọ́n bá ṣe ní kékeré máa ń fẹ́ padà. Olúgbódi ńkọ́, ọmọ tó bá ìka mẹ́fà wáyé? Orúkọ àmútọ̀runwá ni, kì í ṣe àbùkù, àmọ́ tí ìka kẹfà bá ń jẹ́ kí bàtà há, wọ́n lè yọ ọ́. Ẹ má fi òwú so ó nílé kó lè já, pàápàá tí eegun bá wà nínú ẹ̀, ẹ ò lè fojú lásán mọ̀.

Màámi ò ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní òun ò lè máa fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì torí eegun tí òun ti bá gbé láti ogún ọdún. Ṣúmékà kan bá a kan bàtà dúdú méjì àti funfun kan, ó fi páàdì oníhò sí èyí tó ń wọ̀ lọ sóde, ó ń rìn lọ sí ọjà padà láìdúró sinmi lọ́nà. Bàtà góòlù yẹn ti di ti àbúrò mi obìnrin, mo ní kó kọ́kọ́ wá dúró lórí páálí ná. Ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó ṣì gbé e lọ.